Àlájì Sàkáríyà, Ẹni Tó Ń Dá Orin Dúró

Gbogbo ẹni tó ń gbé Enugu Road ní Sabon Gari ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Àlájì Sàkáríyà tẹ́ ẹní síta, tó ń gba ìkíni ọ̀fọ̀ nítorí ará Amẹ́ríkà kan tí kò fojú kàn rí.

Ìbráhìm, ọmọ rẹ̀, ló ka ìròyìn náà fún un lórí fóònù. Wọ́n ní Wẹ́sílì Hákọ́tì, olórin gìtá ará Tẹnẹsíì, ti dágbére fún ayé. Àlájì pa ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹní méjì síwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Háúsá ṣe máa ń ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta tí èèyàn wọn bá kú, ó sì jókòó.

Ní Kánò, ẹni tó bá rí ẹní ọ̀fọ̀ kì í béèrè kó tó kí. Àwọn tó ń kọjá ń dúró, wọ́n ń lóṣòó, wọ́n ń tẹ́wọ́ àdúà: “Allah ya jikansa,” kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Àlájì á ní, “Àmín.” Kí wọ́n tó kírun àílà, ṣúgà ti wà nílẹ̀, obì ti wà nílẹ̀. Ìyá Kẹ́misọ́lá, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹrin sí i, gbé odindi ìkòkò ìrẹsì wá. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sunkún dáadáa, ó nu ojú rẹ̀, ó sì padà sídìí iná rẹ̀ láìbéèrè ẹni tó kú.

Àlùfáà Nàfíù, lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, ló kọ́kọ́ béèrè.

“Àlájì, ẹ kú àmúmọ́ra. Ta ló fi wá sílẹ̀?”

“Wẹ́sílì.”

“Wẹ́sílì wo?”

“Wẹ́sílì Hákọ́tì. Ti Amẹ́ríkà.”

Àlùfáà ti bẹ̀rẹ̀ láti jókòó. Ó dúró síbẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀, kò jókòó, kò sì nàró. “Ṣé mùsùlùmí ni?”

“N ò mọ̀,” ni Àlájì wí. “Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjìdínlógójì tí mo ti ń gbọ́ ọ. Kò bú wa rí.”

Àlùfáà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó jókòó, ó sì mú obì kan.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìbráhìm sáré dé. Irọ́ ni wọ́n pa. Wẹ́sílì fúnra rẹ̀ ti jáde pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́, ó ní òun kò kú. Àwọn tó wà lórí ẹní wo ara wọn lójú. Àwọn tó gbé ṣúgà wá rọra gbé e padà. Ìyá Kẹ́misọ́lá kò rọra ṣe nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ó dúró sí iwájú ẹní, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú.

“Àlájì, ìrẹsì mi ńkọ́?”

“Wọ́n ti jẹ ẹ́.”

“Òkú ni mo sè é fún! Òkú dà?”

“Ẹ má bínú, Ìyá Kẹ́misọ́lá. Nínú èmi àti Wẹ́sílì, ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, ẹ kà á sí tiẹ̀.”

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Salmah, ọmọ Ìbráhìm, náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rò pé èèyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba ìrẹsì ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ni Àlájì Sàkáríyà. Rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ dé Kánò, Kánò ni wọ́n bí òun sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa da orin kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá lọ sídìí fóònù àti mẹ́mórì kádì, òun kò sún kúrò níbi tó jókòó sí. Ó ní ohun tí a kò lè fi bírò yí padà, kì í ṣe orin.

Láyé àtijọ́, gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Sabon Gari ló máa ń fi ohùn ara wọn sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn síbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíràn má bàa dà á kọ kó sọ ọ́ di tirẹ̀. Orúkọ kò tó Àlájì. Wẹ́sílì á ti kọrin débi tó dùn jù, orin náà á ṣàdédé rẹlẹ̀, ohùn àgbàlagbà kan á sì gba ojú ọ̀nà: “Ẹ dúró ná.” Lẹ́yìn náà, Àlájì á wá ṣàlàyé. Á sọ ẹni tí Wẹ́sílì ń bá wí, á sọ ìdí tí inú fi ń bí i, á gbà á nímọ̀ràn, á ní, “Ó yá, máa lọ,” Wẹ́sílì á sì máa lọ.

“Àlájì, orin ni mo rà,” ni àwọn oníbàárà máa ń wí. “N kò ra ẹnu yín.”

“Ẹnu mi, ènì ni.”

Ìtàn Wẹ́sílì lẹ́nu rẹ̀ dà bí ìtàn mọ̀lẹ́bí. Bàbá Wẹ́sílì ń gbẹ́ kànga. Iwájú ilé epo ni Wẹ́sílì ti kọ́kọ́ ń ta gìtá kọrin. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ló rà á, ó sì ra méjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló sọ ọ́ di olókìkí. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mutí, tó gbé gìtá jù sílẹ̀ fún ọdún méje, tó lọ ń ta ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Orin kànga tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ló fi padà wá.

Ìtàn yìí náà ni Àlájì fi ń ka ọdún. Àwo orin kẹta jáde, wọ́n bí Ìbráhìm. Ẹni tó bá bi í léèrè ọdún tó lọ sí Mẹ́kà, á ní, “Ọdún tí ìyàwó Wẹ́sílì kọ̀ ọ́. Mo bá a ṣàdúà rẹ̀ níbẹ̀.”

“Ṣé ìyàwó náà padà?”

“Rárá, ẹlòmíràn ló wá. Àdúà gbà. Èmi ni n kò dá orúkọ.”

Ìyá Kẹ́misọ́lá ló ra orin kànga, kó lè máa dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lára yá. Ó fi í sínú rẹ́kọ́dà rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí gbogbo bẹ́ǹṣì kún. Wẹ́sílì kọrin débi tí bàbá rẹ̀ ti ń sọ korobá sínú kànga, gbogbo ènìyàn ń mirí, ni ohùn kan bá jáde.

“Ẹ dúró ná. Ìyá Kẹ́misọ́lá, ẹ fi iyọ̀ kún ẹ̀wà yín.”

Ṣíbí dúró lẹ́nu. Awakọ̀ Háúsá kan wà níbẹ̀ tó ti ń jẹ ẹ̀wà yẹn láti ọdún kan láìsọ̀rọ̀. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n. “Wallahi, gaskiya ya faɗa,” ló wí. Òótọ́ ni bàbá sọ.

Ìyá Kẹ́misọ́lá mú ìgbakọ lọ́wọ́, ó di ṣọ́ọ̀bù Àlájì.

“Ẹ pa á rẹ́! Ní ìṣẹ́jú yìí!”

“N kì í pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ kásẹ́ẹ̀tì ti di ti oníbàárà. Tiyín ni.”

“Èmi ni mo ni èébú ara mi?”

“N kò sì gba nǹkan kan lé e.”

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀wà tí Ìyá Kẹ́misọ́lá ń gbé fún Àlájì lọ́sàn-án kò ní iyọ̀ rárá. Àlájì kò ráhùn. Ó ra iyọ̀ tirẹ̀, ó fi í sínú páálí kásẹ́ẹ̀tì kan, ó sì kọ “Wẹ́sílì” sí i lára kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án.

Kò pa ohùn rẹ̀ rẹ́ fún un. Kò pa á rẹ́ fún Àlùfáà Nàfíù, tó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ló pa á rẹ́ fún láyé, Salmah sì ni ẹni náà.

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Salmah. Nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi Háúsá dá Àlájì lóhùn, òun á kọ́kọ́ to Yorùbá rẹ̀ jọ nínú ọkàn kó tó la ẹnu. Ní ọdún tó kọjá, Tíṣà Adéwùnmí ní kí oníkálukú mú orin kan tí wọ́n fẹ́ràn nílé wọn wá sí kíláàsì. Inú Àlájì dùn bí ẹni tí Wẹ́sílì fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè. Ó da orin kànga kọ ní tuntun fún Salmah, ó fi àpò ìrẹsì wé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e lé e lórí.

Kíláàsì dákẹ́. Wọn kò rí kásẹ́ẹ̀tì rí, orin náà sì dùn. Tíṣà ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Salmah mọ ohun tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀rọ náà dúró.

“Ẹ dúró ná. Salmah, ọmọ mi, gbé orí rẹ sókè. Má wo ilẹ̀. Kò sí nǹkan tó sọnù síbẹ̀.”

Gbogbo kíláàsì yíjú wò ó. Ilẹ̀ náà gan-an ló ń wò.

Títí tí sáà náà fi parí, kò kọjá níbì kan kí ẹnì kan má kígbe lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Salmah, kí ló sọnù?” Ọjọ́ mẹ́rin ló fi to ọ̀rọ̀ jọ kó tó lọ bá Àlájì.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ohùn yín kúrò nínú orin. Wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín.”

Àlájì dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. “Ibo gan-an ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín?”

“Ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀, Bàbá.”

“Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀,” ni Àlájì tún sọ, ó sì mi orí bí ẹni tí wọ́n ka èsì àyẹ̀wò dókítà fún.

Gbogbo àkókò ọyẹ́ yẹn, ó ń da gbogbo kásẹ́ẹ̀tì inú ṣọ́ọ̀bù kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, orin tó mọ́ lórí orin tó ní ẹnu. Àwọn tó ń kọjá gbọ́ tí Wẹ́sílì ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ẹni tó dá a dúró, wọ́n rò pé ara Àlájì kò yá. Awakọ̀ Háúsá yẹn yà síbẹ̀. “Alhaji, lafiya?” Àlájì ní àlàáfíà ni, iṣẹ́ ló pọ̀.

Ọjọ́ tó parí rẹ̀, ó pe Salmah. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ orin kànga. Korobá wọlé, korobá jáde, orin parí.

“Ó ti mọ́ báyìí, àbí?”

“Ó mọ́, Bàbá. Ẹ ṣé.”

Àlájì ń wo ẹ̀rọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti mọ Wẹ́sílì tó máa jókòó lásán gbọ́ ọ kó sì dákẹ́ títí dé òpin. “Orin náà mà kúrú o,” ló wí.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà. Ó kírun àlàásárì tán, ó padà jókòó sórí àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì dìde mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ojú ibi tó ti tẹ́ ẹ fún Wẹ́sílì. Àwọn tó ń kọjá ń lóṣòó, wọ́n ń wí pé, “Allah ya jikansa.” Lọ́tẹ̀ yìí, Àlùfáà Nàfíù ló kọ́kọ́ jókòó, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ìyá Kẹ́misọ́lá gbé ìkòkò ìrẹsì dé. Ẹnì kan fẹ́ fi dá a lára yá, ó ní, “Ìyá, ṣebí ẹ ti gbé tirẹ̀ wá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?”

“Mo ti gbé e wá,” ni Ìyá Kẹ́misọ́lá wí. “Ṣùgbọ́n ìyẹn ti tutù.” Ó fi gèlè bo ojú, wọ́n sì ní láti mú un jókòó.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Salmah wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Ohùn bàbá àgbà rẹ̀ ló ń wá. Kò sí ohùn náà lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá na fóònù sí i, Àlájì á fọwọ́ tì í dànù, á ní fóònù ló pa Wẹ́sílì níjọ́sí.

Ó fi kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ. Ó dé ibi tí Àlájì ti máa ń wọlé. Wẹ́sílì kọjá. Ó fi ìkejì sí i. Wẹ́sílì kọjá. Ó gbọ́ ti ojú irin, ó gbọ́ ti ẹṣin tí wọ́n tà, ó gbọ́ ti àkàbà tí Wẹ́sílì yá lọ́wọ́ aládùúgbò tí kò dá padà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wẹ́sílì ń kọrin lọ ràì, bí ọmọ tí kò ní ẹni tó lè bá a wí. Kò sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ti dá a dúró.

Ó mọ ẹni tó ṣe é. Gbólóhùn méjì ló fi ṣe é, ó sì ti to wọ́n jọ dáadáa kó tó sọ wọ́n.

Kò lè sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí Ìbráhìm pe àwọn tó ń kó bólà láti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, tí wọ́n da gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ọmọlanke pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì, Salmah dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọmọlanke náà ń pariwo lọ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ó wá kù kó máa wá àwọn oníbàárà tó ti ra orin kí Àlájì tó pa ohùn rẹ̀ rẹ́. Fún ọmọ tí kì í lè bi àlejò ní orúkọ, iṣẹ́ ńlá ni. Onígbàjámọ̀ kan ní Noman's Land ní òun ti tú okùn inú tirẹ̀, òun ta á yí oko ká, ó ń lé ẹyẹ. “Ó ṣiṣẹ́ o,” ló fi tù ú nínú. Ọ̀gá kan ní Nassarawa GRA ní omi òjò ti wọ inú tòun. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Salmah jù.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Salmah, jókòó, kí o jẹun.”

“N kò wá jẹun, mà. Kásẹ́ẹ̀tì kan ni mo ń wá. Èyí tí Bàbá…”

“Èyí tí Sàkáríyà fi ba ọjà mi jẹ́?”

Salmah wo ilẹ̀. Ìyá Kẹ́misọ́lá wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé agolo iyọ̀ kan jáde, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú ọ̀rá, ó gbẹ tónítóní.

“Ọjọ́ ìdájọ́ ni mo tọ́jú rẹ̀ dè,” ló wí. “Mo ní bí mo bá dé iwájú Ọlọ́run, tí wọ́n bi mí pé kí ni Sàkáríyà ṣe fún mi, n kò ní sọ̀rọ̀. N ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wẹ́sílì kọrin, bàbá rẹ̀ sọ korobá sínú kànga.

“Ẹ dúró ná. Ìyá Kẹ́misọ́lá, ẹ fi iyọ̀ kún ẹ̀wà yín. Ẹ wá gbọ́ ti kànga yìí. Bàbá rẹ̀ gbẹ́ ẹ, kò kan omi. Gbogbo ìlú fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni bàbá ń lọ wo inú rẹ̀. Wẹ́sílì ní, kí lẹ ń wò níbẹ̀? Bàbá ní, èmi náà ni mo gbẹ́ ẹ, ṣé n kò ní kí i ni? Ó yá, Wẹ́sílì, máa lọ.” Ó húkọ́ díẹ̀, orin sì gòkè padà.

Salmah sún mọ́ rẹ́kọ́dà náà. “Ẹ jọ̀wọ́, mà. Lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ẹ̀ẹ̀kejì ni rẹ́kọ́dà náà gbé e mì. Ohùn Àlájì fà, ó wúwo, ó dákẹ́. Ìyá Kẹ́misọ́lá fa kásẹ́ẹ̀tì jáde, okùn rẹ̀ sì já, ó ta kókó sórí tábìlì bí ìfun adìyẹ. Wọ́n fi ọ̀bẹ ìdáná gé ibi tó ti rún, wọ́n fi sẹlotéèpù so orí pọ̀ mọ́ ìdí. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, Àlájì ní, “Ẹ dúró ná.” Lẹ́yìn náà, Wẹ́sílì ń kọrin. Ohun tó kù nìyẹn.

Salmah kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ó sun ún níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń jẹun.

“Ẹ̀bi rẹ́kọ́dà mi ni,” ni Ìyá Kẹ́misọ́lá wí.

“Rárá, mà. Ẹ̀bi mi ni.” Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ti kíláàsì, ti gbólóhùn méjì, ti ọyẹ́. Kò to ọ̀rọ̀ náà jọ kó tó sọ ọ́.

Ìyá Kẹ́misọ́lá kò ní kó dákẹ́. Ó ń fi ọ̀bẹ ha sẹlotéèpù kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀. “Ó wá síbí nígbà ọyẹ́,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ó ní kí n mú tèmi wá, òun fẹ́ nù ún mọ́. Mo ní láéláé! Ẹ̀rí mi ni! Mo lé e jáde. Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ìyá Kẹ́misọ́lá, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń bá mi jà.’”

Ọ̀rọ̀ náà kò dá ohùn padà. Salmah gbọ́ ọ, kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kó mú òun lára yá tàbí kó tún pa òun lẹ́kún.

Sátidé ni ó máa ń lọ síbẹ̀ báyìí. Ìbráhìm ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lórí fóònù pé Wẹ́sílì ti pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, àti pé ó tún fẹ́ jáde lọ kọrin. Kò sí ẹni tó tẹ́ ẹní ní Tẹnẹsíì. Kò sí ẹni tó sọ fún un níbẹ̀ pé ẹni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ ní Kánò ti dákẹ́.

Ẹ̀wà Ìyá Kẹ́misọ́lá kò tíì ní iyọ̀ tó. Bẹ́ǹṣì kún, orin ń lọ, korobá wọ kànga. “Ẹ dúró ná,” ni Àlájì wí, gbogbo wọn sì dúró. Ìgbakọ dúró lókè. Ṣíbí awakọ̀ Háúsá dúró lẹ́nu. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ bí kò ṣe ariwo kékeré níbi tí sẹlotéèpù wà, bí ìgbà tí ẹnì kan ń mí. Láàárín ariwo náà ni Ìyá Kẹ́misọ́lá máa ń dáhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Mo ti fi sí i, Àlájì.”

Kò fi sí i. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Awakọ̀ Háúsá ti agolo iyọ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ Salmah. Ilẹ̀ ni Salmah ń wò. Ohun tó sọnù kò sí níbẹ̀. Ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó gba iyọ̀.